Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Ìwé Wo Ló Yẹ Kó Wà Nílẹ̀ Kẹ́ ẹ Tó Fáìlì Owó-Orí Yín?

Àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, ti owó-orí ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ lẹ̀ ń bèèrè, ìwé ni. Ìwé dà, ta ló yẹ kó fún mi, tó bá ti sọnù ńkọ́. Inú mi dùn sí i torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹni tí ìwé ẹ̀ bá pé, fọ́ọ̀mù yẹn ò lè gbà á lásìkò púpọ̀, ẹni tí ò kó tiẹ̀ jọ ló máa ń tú dúrọ́ọ̀ láàárín òru. Orúkọ àwọn ìwé yìí máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì o, màá máa dárúkọ díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọdún yìí ni màá kọ́kọ́ fáìlì fúnra mi, bọ̀ọ̀dá mi ló máa ń bá mi ṣe é tẹ́lẹ̀. Ibi méjì ni mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo kúrò níbi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, àwọn yẹn ò sì tíì fún mi ní ìwé kankan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Èmi àbúrò yín, T.

Àbúrò mi, kú ìmúra o. Má tíì ṣí fọ́ọ̀mù tuntun rárá. Ìwé tí bọ̀ọ̀dá ẹ fi bá ẹ fáìlì lẹ́ẹ̀kan tó kọjá ni kó o kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, torí òun ló máa fi gbogbo ibi tí owó ti ń wọlé hàn ẹ́, ibi iṣẹ́, báǹkì tó san èlé, ṣíà tó o bá ní. Kọ wọ́n sórí bébà kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o wá wo èyí tí kò sí mọ́ lọ́dún yìí àtèyí tó jẹ́ tuntun, bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń dé kó o máa fi àmì sí iwájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lo wà, iye kan wà nínú ìwé èṣí yẹn tí wọ́n ń pè ní adjusted gross income, ìyẹn àpapọ̀ owó tó wọlé fún ẹ lẹ́yìn àwọn àyọkúrò kan, mú un dání, òun ni IRS, ọ́fíìsì owó-orí wọn, fi ń mọ̀ pé ìwọ gan-an lò ń fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iye tó o kọ ò bá bá tiwọn mu wọ́n lè dá fáìlì ẹ padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ. Amẹ́ríkà ń lo Social Security number, tàbí ITIN fún ẹni tí kò ní in, Kánádà ń lo SIN, àwọn tó ń fáìlì fúnra wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní UTR tó jẹ́ díjíìtì 10. Kọ ọ́ jáde láti ara ìwé ẹ̀ gan-an, má gbẹ́kẹ̀ lé orí ẹ, kó o sì rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ ni orúkọ tó o fẹ́ fi fáìlì, pàápàá tó o bá ti ṣègbéyàwó tó o sì ti pààrọ̀ orúkọ. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tí wọ́n máa san owó sí tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní àṣẹ́kù, òun náà ńkọ́, díjíìtì kan tó bá ṣì lè dá owó yẹn dúró fún oṣù púpọ̀.

Ó wá ku ìwé ibi iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ lópin ọdún ni W-2 lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ ti jáde tó bá fi máa di January 31. T4 ni ti Kánádà, òpin February ni tiẹ̀. P60 ni tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, May 31, àmọ́ ibi tó o bá wà ní April 5 tí ọdún owó-orí wọn ń parí nìkan ló máa fún ẹ ní P60, ibi tó o ti kúrò, P45 ni wọ́n ń fún ẹ. Ní Nàìjíríà, January 31 ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó ti gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ lọ fún ọ́fíìsì owó-orí, ìwọ fúnra ẹ sì ní títí di March 31 láti fáìlì tìẹ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé wọ́n ti ń yọ PAYE, ìyẹn owó-orí òṣìṣẹ́, lówó oṣù àwọn ná, ó ti parí, kò tíì parí o, fífáìlì ṣì wà lọ́rùn wọn.

Àwọn ibi iṣẹ́ àtijọ́ yẹn, pè wọ́n kó o bi wọ́n pé àdírẹ́ẹ̀sì wo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ilé tó o ti kó kúrò, tàbí kó ti wà lórí wẹ́bsáìtì owó oṣù wọn tí páásíwọọ̀dù ẹ̀ ti sọnù mọ́ ẹ lọ́wọ́. Má sọ pé torí kò dé kó o wá fi owó yẹn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó-orí, wọ́n mọ iye tó o gbà, tó o bá fi sílẹ̀ lẹ́tà máa wá bá ẹ lẹ́yìn tó o ti gbàgbé, èlé á sì ti gun orí ẹ̀. Tó bá kọ̀ tí ò dé títí òpin February ní Amẹ́ríkà, pe IRS, wọ́n á bá ẹ kàn sí wọn, tí kò bá sì tún dé, fọ́ọ̀mù 4852 wà tó o lè fi rọ́pò ẹ̀. Pay slip tó o gbà kẹ́yìn níbi iṣẹ́ yẹn lo máa fi kọ ọ́. Wò ó dáadáa, iye méjì méjì ló wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan: ti oṣù yẹn, àti àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àpapọ̀ yẹn lo fẹ́.

Kó o tó kúrò lórí ẹ̀, fi pay slip ìkẹyìn ti iṣẹ́ tuntun náà wé W-2 tí wọ́n fún ẹ. Àyà ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń já níbí pé iye tó wà ní box 1, ìyẹn owó tí wọ́n máa gba owó-orí lórí ẹ̀, kéré sí owó oṣù àwọn. Tó o bá ń dá owó sí 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì níbi iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kúrò ní box 1 ni, àmọ́ ó ṣì wà nínú box 3 àti box 5 tó jẹ́ ti Social Security àti Medicare. Tí ìyàtọ̀ yẹn bá bá iye tó o dá mu, ọkàn ẹ balẹ̀. Tí kò bá bá a mu, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń san owó oṣù ni kó o lọ kó o tó fáìlì, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, mò ń ya lógò, mo sì ń gé fídíò. Àwọn kan ń sanwó sí báǹkì, àwọn kan ń gba inú ápù san án. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ìwé kankan lópin ọdún. Ṣé ìyẹn ni pé kò sóhun tí mo fẹ́ fáìlì ni?

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gba ìyẹn gbọ́. Pé ẹnì kankan ò kọ ìwé fún yín ò yọ owó yẹn kúrò lábẹ́ owó-orí. Àwọn ibì kan fàyè gba owó kékeré, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àpẹẹrẹ, £1,000 àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá pa lọ́dún nínú irú iṣẹ́ àdáni bẹ́ẹ̀, ẹ ò nílò láti sọ ọ́, àmọ́ tó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ máa sọ ọ́. Ìwé tiyín, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ ọ́.

Bó ṣe máa rí nìyí. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì gbogbo àkáǹtì yín fún odindi oṣù 12, kì í ṣe ti àkáǹtì ńlá nìkan, kódà èyí tẹ́ ẹ ò lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí kẹ́ ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá máa mú un ní ìlà ìlà, gbogbo owó tó wọlé, ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ohun tó jẹ́. Èyí jẹ́ owó lógò, èyí jẹ́ owó tí mo fi ránṣẹ́ sí ara mi láti báǹkì kejì, ọ̀rẹ́ mi ló san gbèsè padà níbí, ẹ̀bùn lèyí. Báǹkì ò mọ ìyàtọ̀ wọn, orúkọ àti iye ló máa kọ, tí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bá sì dé lẹ́yìn ọdún méjì tó rí owó ńlá kan tí kò ní àlàyé, owó iṣẹ́ ló máa kà á sí. Ẹ̀yin náà á ti gbàgbé nígbà yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n ṣe é lóṣooṣù, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni lóṣù kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ dòpin ọdún, á ti di òkè.

Ti ápù wá gba ìṣọ́ra. Ká ní oníbàárà yín san 500, ápù yọ 50 tiẹ̀, 450 wá dé báǹkì. Ọ̀pọ̀ máa kọ 450. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. 500 ni owó tó wọlé, 50 ni ìnáwó iṣẹ́, torí tí ápù yẹn bá fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó-orí, 500 yẹn ló máa kọ, tí tiyín bá wá jẹ́ 450, ó dà bíi pé ẹ fi owó pamọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi nǹkan kan pamọ́. Inú ápù fúnra ẹ̀ lẹ ti máa rí àkọsílẹ̀ ọdún tó fi àyọkúrò hàn, ẹ wà á sílẹ̀ kíákíá torí àwọn kan kì í tọ́jú ẹ̀ pẹ́ fún yín.

Ẹ wá kó ìwé ìnáwó jọ náà: láptọ́ọ̀pù, owó sọ́fítíwíà oṣooṣù, dátà, fóònù. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ tún fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, ìpín ti iṣẹ́ nìkan lẹ máa yọ, kẹ́ ẹ sì kọ bẹ́ ẹ ṣe pín in sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi mọ́tò lọ bá oníbàárà, ìwé kékeré kan gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò yẹn: ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ lọ, ìdí tẹ́ ẹ fi lọ, iye máìlì tàbí kìlómítà. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èyí tí wọ́n jókòó kọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ọdún, ojú máa ń mọ̀ ọ́n.

Mo kó rìsíìtì mi pamọ́ dáadáa sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, ìgbà tí mo wá ṣí i, ó ju ìdajì lọ tó ti funfun báláú. Ṣé sítétímẹ́ǹtì báǹkì ò tó ni?

Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dunni. Bébà rìsíìtì yẹn kì í sábà ní íǹkì lára, kẹ́míkà ló wà lójú ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ooru sọ di dúdú, torí náà oòrùn, ooru inú mọ́tò, kódà ike kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè pa á rẹ́. Ìtọ́jú tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á, kí ọjọ́, orúkọ ẹni tó tà á, ohun tẹ́ ẹ rà àti iye ẹ̀ hàn ketekete, kẹ́ ẹ wá fi í sínú fódà ọdún yẹn. Èyí tó ṣì ń hàn fírífírí nínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù yẹn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lónìí.

Ní ti sítétímẹ́ǹtì, ó máa sọ pé ẹ san owó, ọjọ́ tẹ́ ẹ san án, àtẹni tẹ́ ẹ san án fún. Kò ní sọ ohun tẹ́ ẹ rà. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bébà ìtẹ̀wé tó tún ń ta bàtà ọmọdé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ èyí tẹ́ ẹ rà níbẹ̀? Torí náà ẹ wá èkejì ẹ̀: íméèlì tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i, ìnfóìsì, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún tún un tẹ̀. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti báǹkì tó yá yín lówó ilé, gbogbo wọn ló máa ń ní àkọsílẹ̀ ọdún lọ́wọ́. Ti ilé ìwòsàn, ẹ rántí gba èyí tó fi ohun tí ìnṣọ́ránsì san padà hàn, torí ohun tó ti àpò yín jáde nìkan lẹ lè sọ.

Ti owó àánú ní Amẹ́ríkà le díẹ̀: ẹ̀bùn kan ṣoṣo tó bá tó $250 sókè, sítétímẹ́ǹtì ò tó rárá, lẹ́tà látọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n ń bèèrè, ó sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n fún yín ní nǹkan kan padà tàbí wọn ò fún yín. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó fáìlì.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó da ilé rú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rìsíìtì yẹn tiẹ̀ máa wúlò. Ẹni tó bá gba standard deduction ní Amẹ́ríkà, ìyẹn iye kan pàtó tí wọ́n ń yọ fúnni láìbéèrè rìsíìtì, rìsíìtì ìwòsàn ò ní dín owó-orí ẹ̀ kù, kò yẹ kó sun oorun àìtó nítorí ẹ̀. Ní Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀, òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026 ti sọ rìsíìtì owó ilé di ohun pàtàkì, torí wọ́n gbà kí ayálégbé yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó-orí lórí ẹ̀, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó ń san owó ilé láìgba rìsíìtì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á báyìí, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Kó tún tọ́jú ìwé pẹ́ńṣàn ẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ò jọ gbé mọ́. Ta ló máa fi àwọn ọmọ sínú tiẹ̀, ìwé wo ni mo sì nílò? Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn o, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ọmọ kan ò lè wà nínú fáìlì èèyàn méjì lọ́dún kan náà fún ànfààní kan náà, tó bá ṣẹlẹ̀, wọ́n máa kọ̀wé sẹ́yin méjèèjì ni. Torí náà ẹ bára yín sọ̀rọ̀ kẹ́ni kankan tó fáìlì. Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ìwé tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbé, lẹ́tà ilé ìwé tàbí ti ilé ìwòsàn tó ní àdírẹ́ẹ̀sì yín lára. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó fún ẹni tó ń bá yín tọ́jú wọn, ẹ gba orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà owó-orí onítọ̀hún nísinsìnyí, torí tó bá kó lọ tán, wàhálà ni.

Ẹnì kan fi téèsì ránṣẹ́ sí mi pé ọ́fíìsì owó-orí ló ti wá, pé kí n fi fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ mi àti ti báǹkì mi ránṣẹ́ káwọn lè san owó mi padà. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ẹ má fi ránṣẹ́ o! Ẹ má tẹ líǹkì tó wà níbẹ̀ rárá. IRS kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú téèsì tàbí íméèlì láti bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n sábà máa ń kọ, HMRC, ọ́fíìsì owó-orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà kì í fi téèsì ní kéèyàn wá sọ nọ́ńbà báǹkì ẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́bsáìtì wọn, ẹ wo àkáǹtì yín níbẹ̀. Àwọn ìwé tí à ń kó jọ yìí, tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ó lè lo orúkọ yín fáìlì kó sì gba owó yín kẹ́yin tó débẹ̀. Akáńtáńtì tẹ́ ẹ bá lò náà, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún un, kì í ṣe ojúlówó, ẹ má sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó ṣófo.

Mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí mò ń gbé, mo sì ní ilé kan tí mo fi rẹ́ǹtì ní orílẹ̀-èdè míì. Wọ́n ti gba owó-orí lórí rẹ́ǹtì yẹn lọ́hùn-ún. Kí ni kí n kó jọ?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ibi púpọ̀ ló ń bèèrè owó tẹ́ ẹ rí níbikíbi láyé, Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìlú àtàwọn tó ní green card, torí náà ẹ ò lè sọ pé wọ́n ti gbà á lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ìwé tó máa gbà yín ni rìsíìtì owó-orí tẹ́ ẹ san lọ́hùn-ún, tí ọ́fíìsì wọn fúnra ẹ̀ tẹ̀, torí òun ni wọ́n fi máa ń yọ ọ́ fún yín níbí kẹ́ ẹ má bàa san án lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu èjẹ́ńtì tó ń bá yín gba rẹ́ǹtì ò lè ṣe é. Ẹ gba ìwé àdéhùn rẹ́ǹtì, rìsíìtì àtúnṣe ilé, owó èjẹ́ńtì, ìnṣọ́ránsì.

Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ lóṣooṣù fún yín, ẹ má gba àpapọ̀ ọdún nìkan. Ìdí ni pé ọdún owó-orí ò bára mu: ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní April 6 ó sì parí ní April 5, ti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Nàìjíríà jẹ́ January sí December. Tí àpapọ̀ ọdún nìkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní rí i gé. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fi ṣẹ́ owó sílẹ̀ náà àtibi tẹ́ ẹ ti rí i, kẹ́ ẹ sì lo ọ̀nà kan náà jálẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ wà, ẹ wo iye tó pọ̀ jù tó wà nínú àkáǹtì òkè òkun yín láàárín ọdún, tí gbogbo wọn lápapọ̀ bá fìgbà kankan ju $10,000 lọ, fọ́ọ̀mù míì wà tí wọ́n ń pè ní FBAR, ibòmíì ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, kò sí nínú fáìlì owó-orí yín. Ìjìyà ẹni tí kò fi ránṣẹ́ lágbára gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fò ó.

Ọdún mélòó ni kí n tọ́jú àwọn ìwé yìí?

Kánádà ní ọdún 6. Amẹ́ríkà, ọdún 3 ló wọ́pọ̀, ó sì lè di 6 tí owó tó wọlé tẹ́ ẹ ò kọ bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tẹ́ ẹ kọ lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 5 lẹ́yìn January 31 tó jẹ́ gbèdéke ọdún yẹn. Èmi ò ní ju ti ilé tàbí ilẹ̀ tí mo rà nù níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lọ́wọ́ mi, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tà á ni wọ́n máa bi yín pé èló lẹ rà á, kí lẹ tún ṣe sí i. Fọ́tò àti ìwé tẹ́ ẹ skánù dáa, àmọ́ ẹ fi wọ́n síbi méjì, kì í ṣe inú fóònù nìkan.

Ọ̀la ni gbèdéke, ìwé kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dé. Ṣé kí n fojú bu ú, àbí kí n dúró?

Ẹ má dúró lásán. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù 4868 máa sún un láti April 15 sí October 15, àmọ́ àyè àtifáìlì ló fún yín, kò fún yín láyè owó, torí náà ẹ ṣírò iye tẹ́ ẹ rò pé ẹ jẹ kẹ́ ẹ san án pẹ̀lú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kánádà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn lè fáìlì títí June 15, àmọ́ April 30 ni owó ti gbọ́dọ̀ wọlé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kẹ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fojú bù, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí i nínú fọ́ọ̀mù pé kì í ṣe iye ìkẹyìn, ìyẹn sàn ju £100 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́, kódà tí kò bá jẹ gbèsè kankan.

Tẹ́ ẹ bá máa fojú bu nǹkan, ẹ gbé e lé orí nǹkan, pay slip ìkẹyìn, sítétímẹ́ǹtì, ìwé èṣí, kẹ́ ẹ sì kọ bẹ́ ẹ ṣe dé orí iye yẹn sórí bébà kan kẹ́ ẹ fi sínú fáìlì. Ìgbà tí ìwé náà bá wá dé, ẹ fi í wé ohun tẹ́ ẹ kọ. Tó bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe: 1040-X ni Amẹ́ríkà ń lò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín ní oṣù 12 lẹ́yìn gbèdéke January 31. Ẹ ṣe é fúnra yín kí lẹ́tà tiwọn tó dé.